Mángòrò pẹ̀lú mílíìkì kì í pani

Bí ẹ bá dé Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, tí ẹ jẹ mángòrò tán lọ́jà, tí ẹ wá ní kí wọ́n fún yín ní mílíìkì tútù, ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan tó wà nítòsí fọwọ́ bo ẹnu. Mángòrò pẹ̀lú mílíìkì, májèlé ni. Ohun tí wọ́n fi tọ́ àìmọye ọmọ Bràsíìlì dàgbà nìyẹn. Àwọn kan ní yóò dì gbagidi nínú ikùn, àwọn kan ní ẹni tó bá dán an wò kò ní rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, nítorí kajú la fi rọ́pò mángòrò nílé tiwa. Mélòó nínú wa ni wọn kò kìlọ̀ fún lọ́mọdé pé ẹni tó bá jẹ kajú kò gbọdọ̀ fẹnu kan mílíìkì lọ́jọ́ náà?

Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ẹ̀rí, kó wọ Feira de São Joaquim, ọjà ńlá tó wà létí omi ní Salvador, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Itaparica ti ń gbéra. Iná ló jó ọjà Água de Meninos ní 1964 tí àwọn ọlọ́jà fi kó wá síbẹ̀. Yorùbá tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ti sọdá òkun: epo pupa nínú ìgò, edé gbígbẹ, ilá, obì, orógbó, ewúrẹ́ tó ń ké, ewé oríṣiríṣi tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀, ń wá rà.

Ẹ kọjá síbi tí wọ́n ti ń ta èso. Wọn yóò fi èso kékeré kan lọ̀ yín, cajá ni wọ́n ń pè é, wọn yóò sì ní kí ẹ tọ́ ọ wò. Ìyeyè ni. Ẹ ti sanwó bàálù láti lọ jẹ èso ilẹ̀ òkèèrè, ìyeyè ẹ̀yìnkùlé ìyá yín àgbà ni wọ́n gbé síwájú yín. Umbu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbátan ìyeyè tí kò jìnnà rárá, tó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní sertão. Kajú náà ń bẹ, tòun ti kóró rẹ̀ lábẹ́. Ilé rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí láti Bràsíìlì ni àwọn Potogí ti gbé e lọ sí Íńdíà àti Áfíríkà. Mángòrò ní tirẹ̀, àlejò ni: láti Éṣíà ni àwọn Potogí kan náà ti gbé e wá. Ẹbí kan sì ni gbogbo wọn lójú àwọn onímọ̀ nípa igi, àti mángòrò, àti kajú, àti ìyeyè, àti umbu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Àwọn ará sertão máa ń se umbu títí yóò fi rọ̀, wọn a yọ kóró rẹ̀, wọn a da mílíìkì àti ṣúgà lé e lórí, wọn a pè é ní umbuzada. Oúnjẹ ìbílẹ̀ ni, tọmọdé tàgbà ń mu ún. Umbu yìí sì kan ju mángòrò pípọ́n lọ fíìfíì. Ẹ tún wo maracujá, èso kíkan tí ń dé eyín: mílíìkì inú agolo, èyí tó ki tó sì dùn, ni wọ́n ń pò mọ́ ọn fi ṣe mousse, ìpanu dídùn tó rọ̀, ilé tí wọn kì í ti í ṣe é ní Bràsíìlì kò pọ̀. Kíkan maracujá náà ló ń jẹ́ kí àpòpọ̀ ọ̀hún dì. Bí èso kíkan àti mílíìkì bá ń pani, ibi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé ni òkú ì bá ti máa sùn lọ bẹẹrẹ.

Òótọ́ kan wà nínú ohun tí àwọn àgbà rí: mílíìkì máa ń dì bí ohun kíkan bá kàn án. Àmọ́ kò sí mílíìkì tí kì í dì nínú ikùn, bí ẹ jẹ èso, bí ẹ ò jẹ. Bí kíkan bá ti dé 4.6 lórí òṣùwọ̀n pH, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, mílíìkì yóò dì; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mángòrò pípọ́n wà ní nǹkan bí 4. Oje inú ikùn tó ṣófo máa ń lọ sílẹ̀ dé 2, èyí tó túmọ̀ sí pé ó kan ju mángòrò lọ ní ìlọ́po lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ti gbọ́mọ pọ̀n rí mọ̀ pé ọmú tí ọmọ bá pọ̀ jáde ti máa ń dì wínníwínní, ọmọ ọ̀hún kò sì jẹ mángòrò. Àbí kí ni wàrà tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ní Ìlọrin àti Ṣakí? Mílíìkì tí wọ́n fi oje bọ̀mubọ̀mu mú dì ni, oje tí a kì í jẹ́ kó kan ojú. A ń din ín, a ń fi ata sí i, a ń jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń mú mángòrò jáde tó wọn láyé, kò sì sí èyí tó ń mú mílíìkì jáde tó wọn. Wọ́n ń lọ méjèèjì pọ̀ mu nígbà ooru, wọ́n ń po mángòrò mọ́ mílíìkì tó ti kan, tí wọ́n ń pè ní lassi.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Bràsíìlì nípa ibi tí ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ̀. Wọ́n ní láyé oko ẹrú, tó dópin níbẹ̀ ní 1888, mángòrò ń já bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹrú ń ṣà á jẹ, ṣùgbọ́n mílíìkì wọ́n. Olówó ẹrú kò fẹ́ kí ẹni tó ń fún wàrà màálù bù nínú rẹ̀ mu, ló bá ní ẹni tó bá jẹ mángòrò tó tún mu mílíìkì yóò kú. Ìtàn náà bá ìwà àwọn olóko mu, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fi gbogbo ara gbà á. Olóko wo ló fi kajú àti mílíìkì dẹ́rù ba àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Lójú tèmi, ẹni tó bá ti rí mílíìkì tó dì nínú ife kò nílò olówó ẹrú kankan kí ẹ̀rù tó bà á.

Inú máa ń run àwọn mìíràn lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àti àwọn ọmọ wọn ní Bahia, ni ikùn wọn kì í lè lọ ṣúgà inú mílíìkì mọ́ (àwọn Fúlàní darandaran yàtọ̀). Bí irú wọn bá mu ife mílíìkì kan, inú yóò kún, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e, mángòrò ni wọn yóò sì dì í rù. Mílíìkì tí wọn kò sè tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ náà lè ṣe ènìyàn léṣe. Oje ara èèpo mángòrò máa ń mú kí ètè ẹlòmíràn wú, òróró inú èèpo kóró kajú sì ń bó ẹnu. Ẹni tí ara rẹ̀ kórìíra èyíkéyìí nínú wọn, kó yẹra. Ṣùgbọ́n mílíìkì kọ́ ló sọ èso di májèlé.

Èso tó yẹ kí wọ́n máa pariwo lé lórí ní ọjà yẹn, wọ́n ń tà á láìsí ìkìlọ̀ kankan. Carambola ni. Ó ní igun márùn-ún, bí ẹ bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìràwọ̀ ni ẹ óò rí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ìwọ̀nba rẹ̀, ara rẹ̀ á tu ú jáde. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá, kò sì gbọdọ̀ mu omi rẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì São Paulo ló ṣàwárí májèlé inú rẹ̀ ní 2013, tí wọ́n pè ní caramboxin. Ọpọlọ ló ń bá jà. Òsúkè tí kò dáwọ́ dúró ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ènìyàn lẹ́nu, gìrì lè tẹ̀ lé e, ó sì ti pa àwọn kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì tètè sọ fún dókítà pé carambola ló jẹ.