Bátìrì Ọlọ́jọ́ Méje, Apá Ta Ni Wọ́n Fi Dán An Wò?

Iná aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú lábẹ́ aago ọwọ́ ìgbàlódé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni aago náà fi ń ka ìlù ọkàn ẹni tó so ó mọ́wọ́: ìmọ́lẹ̀ á wọ awọ ara, ẹ̀jẹ̀ á gbà lára rẹ̀ mì, ìyókù á ta padà sójú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí aago fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí èyí tó padà ṣe ń pọ̀ tó tún ń dín kù ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye ìgbà tí ọkàn lù.

Iná kékeré yìí wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù, òun pẹ̀lú ojú aago àti rédíò tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Bluetooth Low Energy, irú Bluetooth tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, tó jáde lọ́dún 2010 ti dín oúnjẹ rédíò kù, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ti fi ọgbọ́n mìíràn kún un: kí iná má tàn lemọ́lemọ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìmìra ara bá rí i pé ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí aago sì dá ìṣirò rẹ̀ ṣe, dípò kó máa fi gbogbo ohun tó bá rí ránṣẹ́. A kì í ṣe ọ̀tá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Wákàtí 18 ni Apple ṣèlérí fún aago rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 2015, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń gbé níbi tí iná ọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú mọ̀ pé ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ jẹun lálaalẹ́ kò lè ṣọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di tiwa ni pé mẹ́láníìnì, èròjà tó sọ àwọ̀ wa di dúdú, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì púpọ̀. Kí ẹ̀rọ tó lè ka awọ dúdú dáadáa, àfi kí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, tàbí kí ó pẹ́ sí i lẹ́nu ìwọ̀n kan ṣoṣo. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, bátìrì ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Iná pupa ń wọ awọ dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmìra apá tètè ń dà á rú. Ẹni tó bá wá ń lépa iye ọjọ́ tí yóò kọ sára páálí, dídín iná kù ló rọrùn fún un jù, bó bá sì jẹ́ pé apá aláwọ̀ funfun nìkan ló fi dán an wò, kò ní mọ ohun tó bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná pupa lòun ń lò. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan fi hàn pé láàárín àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín ìdá 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú ló fi hàn pé tiwọn kò tó 88 ní ti gidi. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Oṣù Kìíní 2025 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìlera ní Amẹ́ríkà, tó gbé àbá jáde pé kí wọ́n dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára ènìyàn 150, ó kéré tán, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, kí NAFDAC, tí ìforúkọsílẹ̀ ohun èlò ìlera wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, má ṣe fọwọ́ sí ẹ̀rọ àsomọ́ra kankan tó ń pe ara rẹ̀ ní ti ìlera, àyàfi tí wọ́n bá ti dán an wò lára aláwọ̀ dúdú, tí iye ọjọ́ bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kà nígbà tí iná mọ́lẹ̀ tó fún irú awọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà wọlé yóò ní yóò gbówó lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aago tó ń parọ́ fún un lórí ọkàn rẹ̀ ti ná owó dànù ná. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wa ní Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó kò sì ní rìn jìnnà kí wọ́n tó rí awọ tí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò yìí. Kí páálí gbé iye ọjọ́ bátìrì lọ́nà méjì, ti awọ funfun àti ti awọ dúdú, kí ó sì jẹ́ èyí tó kéré jù ni wọn yóò kọ gàdàgbà síwájú.