Ẹyọ Fídíò Kan, Ìgbà Ogójì

Ọmọkùnrin tó ń bá wa di ẹrù sínú mọ́tò ní Kútọnu fi Faransé sọ fún mi pé "douze heures" ni mọ́tò máa gbéra. Èmi gbọ́ "deux heures", ìyẹn aago méjì. Ni mo bá ń rọra ná ọjà kiri inú Dantokpa, mo jẹun, mo tún padà lọ ra léèsì ọ̀pá márùn-ún sí i. Aago kan ààbọ̀ ni mo gúnlẹ̀ sí gáréèjì pẹ̀lú ìdì aṣọ mẹ́ta. Mọ́tò ti lọ láti aago méjìlá. Bí mo ṣe sun Kútọnu mọ́jú nìyẹn, tí mo ń fi fóònù bẹ ìyá ọkọ mi kí wọ́n bá mi wo àwọn ọmọ.

Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn á ní, ṣé Yorùbá tán ní Kútọnu ni? Kò tán. Bẹ́ ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá á gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, Fọ̀n àti Faransé nìkan ló gbọ́. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé mo ti kọ́ Faransé rí, ọdún mẹ́ta gbáko ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo mọ "deux", mo mọ "douze". Ẹ kọ méjèèjì sójú pátákó, mi ò ní ṣì wọ́n pè. Etí mi ni ò mọ̀ wọ́n.

Èrò ọkàn mi nìyí o, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú: ojú ni wọ́n fi ń kọ́ wa lédè àjèjì nílùú yìí, etí la sì fi ń lò ó.

Nígbà tí mo délé, mo wá katúùnù ọmọdé kan lórí YouTube, Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìdílé kan fẹ́ lọ sétí òkun, bàbá ò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Gbogbo ìtàn ọ̀hún náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, kí n lè mọ ohun tó ń lọ. Lẹ́yìn náà mo pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ́, mo ń wò ó lójoojúmọ́. Tí mo bá ń rẹ́ ilá, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá wa dúró ní Mile 2, ó wà létí mi. Ọmọ mi obìnrin ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé bàbá yìí ò tíì rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ni?"

Títí di ìgbà karùn-ún, ariwo lásán ni. Nígbà tó máa fi di ìgbà kẹwàá, mo ti ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá yẹn sì máa ń sọ nǹkan kan ṣáá, "ché pa, ché pa". Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé orúkọ èèyàn ni! Àṣé "je ne sais pas" ni, mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí olùkọ́ wa máa ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó, àwọn tó ni èdè ti gbé e mì kàló. Mo rẹ́rìn-ín, torí àwa náà ò sàn jù wọ́n lọ. Ta ló ń sọ pé "kí ni ó dé"? "Kí ló dé" là ń wí. Àjèjì tó fi ìwé kọ́ "ẹ kú àárọ̀" á jókòó máa retí ẹ̀, "ẹ káàárọ̀" á sì máa kọjá lára ẹ̀.

Yorùbá tá a gbọ́ yìí náà ń dí wa létí. Lédè wa, "an" àti "ọn" ìró kan náà ni, ọ̀nà ìkọ̀wé ló yà wọ́n: ìtàn, ìbọn. Faransé ní tiwọn, "bon" ni ohun tó dáa, "banc" ni bẹ́ǹṣì, etí ọmọ Yorùbá ò sì rí ìyàtọ̀ níbẹ̀. A ò ní "z". A ò ní ìró tó wà nínú "deux" yẹn rárá, "dù" la ń gbọ́. "Heures" bá tún tẹ̀ lé e, "z" á wọlé sáàárín, ó wá di bíi "douze heures" gẹ́lẹ́. Ẹ bá mi wo ibi tí mọ́tò ti já mi jù sílẹ̀. Àlàyé yìí gan-an, ìgbà tí mo gbọ́ ọ tán, mi ò tíì lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ó tó bí ìgbà ogójì kí ó tó já geere sí mi létí.

Ibi tí èdè wa ti gbè wá tiẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní kíláàsì. "Quatre-vingts" ni wọ́n ń pe ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ẹni tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì wò ó á máa họ orí. Kí wá ni ọgọ́rin tiwa? Ogún mẹ́rin náà ni! Tó bá di àádọ́rùn-ún, wọ́n á fi mẹ́wàá lé ogún mẹ́rin, àwa á yọ mẹ́wàá nínú ogún márùn-ún. Látìgbà tí mo ti mọ èyí ni iye owó ọjà ò ti dẹ́rù bà mí mọ́.

Lẹ́yìn katúùnù, mo bọ́ sórí ìròyìn tí RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, ń fi Faransé tó rọrùn kà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹyọ kan ni mo ń gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí n tó fi í sílẹ̀, ìròyìn ọ̀hún á ti di ẹ̀kọ àná.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé kéèyàn ṣáà máa gbọ́, á wọlé fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mélòó nínú wa ló dàgbà sídìí fíìmù Íńdíà? A mọ orin, a mọ ijó ìdí igi. Kí la lè fi Híńdì rà lọ́jà? Èmi fúnra mi ti ké Yásín látòkè délẹ̀ nílé kéwú kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, títí dòní mi ò lè fi Lárúbáwá béèrè ọ̀nà. Mi ò fi ṣẹ̀sín o, ìjọsìn ni wọ́n kọ́ mi, wọn ò ní àwọn ń kọ́ mi lọ́jà. Stephen Krashen, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ti ń wí i látìgbà pípẹ́ pé ohun tá a gbọ́ tó yé wa ló ń di èdè lára wa. Mo gbà fún un, àmọ́ mi ò bá a débi gbogbo. Àwọn ọmọ àbúrò mi wà ní London, Yorùbá yé wọn kedere. Ẹ ní kí wọ́n gbé omi wá, wọ́n á gbé e wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi ní "ẹ gbà". Ìyẹn ló jẹ́ kí èmi máa bá bàbá inú katúùnù sọ̀rọ̀ sókè, kódà nínú dánfó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò mí.

Oṣù tó kọjá, mo tún pàdé ọmọkùnrin ọjọ́sí ní gáréèjì. Mo bi í pé aago mélòó la máa gbéra. "Deux heures," ó ní. Mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo na ìka méjì sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Aago mẹ́rin la gbéra.