Kì í ṣe owó gbígbẹ́ bóòhóòlù ló ń jẹ́ ká wà láìlómi o

Níbi yòówù tí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó sọ̀rọ̀ omi ní Ìlọrin, yálà ní Ọjà Ọba ni o, àbí ní Tánkẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́. Ìjọba ò gbẹ́ bóòhóòlù tó. Kí àwọn òyìnbó ṣáà kówó wá, kí wọ́n gbẹ́ ẹ kárí àdúgbò, wàhálà ti tán. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà náà gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń dáwó jọ lórí WhatsApp tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á fi gbẹ́ ọ̀kan síwájú ààfin, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ gàdàgbà sára tánkì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, inú rere ni gbogbo wọn fi ń ṣe é, àmọ́ ìgbàgbọ́ yẹn ò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára gan-an. Owó gbígbẹ́ kọ́ ni wàhálà tó le jù. Owó tí wọ́n á máa fi tún un ṣe láti ọdún kejì lọ ni kò sẹ́ni tó ń rò ó.

Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí omi àti ìmọ́tótó ní Nàìjíríà, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2017. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ibi ìpọnmi mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe, ó tó bíi mẹ́ta tó máa ń kọṣẹ́ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ọdún àkọ́kọ́ o! Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ sára tánkì ò tíì ṣá. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan, torí lọ́dún 2009 àwọn tó ń rí sí omi ìgbèríko kó ìṣirò jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nílẹ̀ Adúláwọ̀, nǹkan bíi pọ́ǹpù kan nínú mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́. Owó ẹni kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn kan ti tẹ́wọ́ gbàdúrà sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.

Ẹ jẹ́ n sọ bí pọ́ǹpù àfọwọ́fà ṣe ń kú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló gbẹ nísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ páìpù lọ́hùn-ún, inú ilẹ̀, sìlíńdà kan wà ńbẹ̀, inú ẹ̀ ni rọ́bà tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní wáṣà wà, òun ló ń gbé omi sókè. Bí wọ́n ṣe ń fà á láti ìdájí títí ilẹ̀ fi máa ṣú ni rọ́bà yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ọwọ́ pọ́ǹpù á fúyẹ́, ẹ máa fà á títí kómi tó dé, pàápàá láàárọ̀ kùtù, torí omi tó yẹ kó dúró nínú páìpù ti sọ̀ kalẹ̀ lóru. Tí wọ́n bá pààrọ̀ wáṣà nígbà yẹn, owó kékeré ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan náà ni. Tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀, gbogbo ìlú á máa fi agbára fà á, irin tó wà nínú páìpù á já, ó wá di pé kí wọ́n fa gbogbo páìpù jáde látilẹ̀, owó ti kúrò ní owó wáṣà. Baálẹ̀ á kọ̀wé sí káńsù, káńsù á ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ á gbé garawa padà sódò. Rọ́bà tó jẹ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Èyí tó ń lo súmò, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń fa omi, tún wá le ju ìyẹn lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, súmò ń jóná tí iná bá ń ṣe ségesège, sólà pàápàá tí wọ́n ní kò ní ìnáwó, ẹ̀rọ tó ń darí ẹ̀ máa ń bàjẹ́, àwọn olè sì ń yọ páńẹ́lì. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà ìgbèríko Ìgbómìnà kọjá mọ ohun tí mò ń wí: tánkì dúdú lórí irin gíga, koríko ti bo ìdí ẹ̀, gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó yí i ká gbẹ táútáú, àwọn obìnrin sì ń pọnmi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ dà bí ẹni tó ra ọ̀kadà fún ọmọ ẹ̀ láì fún un lówó ọ́ìlì.

Ọ̀rọ̀ owó òyìnbó wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Lóṣù karùn-ún ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 700 dọ́là fún iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó kan ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní SURWASH, ìpínlẹ̀ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Èkìtì tó bá wa pààlà wà ńbẹ̀. Owó yíyá ni o. Èlé ẹ̀ kéré, ọdún tí wọ́n fi máa san án pọ̀, àmọ́ àwa àtàwọn ọmọ wa la máa san án. Wọn kì í sì í kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ hàn, kí wọ́n rán àwọn mìíràn lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni omi ń yọ, kí owó tó jáde. Inú mi dùn sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, torí ó ń fipá mú ìjọba láti ronú kọjá ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́n.

Kódà ká ní ọ̀fẹ́ ni, kò lè tó. Báńkì yẹn kan náà ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2016 pé kí gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó lọ́wọ́ tó lè rí omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dáa kí ọdún 2030 tó dé, wọ́n á ná bíi bílíọ̀nù 114 dọ́là lọ́dọọdún lórí kíkọ́ nìkan, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń ná nígbà yẹn. Wọ́n tún ní tó bá yá, owó àtúnṣe àti owó tí wọ́n fi ń gbé e rìn máa ju owó kíkọ́ gan-an lọ. Ta ló máa ń mú owó wá láti òkè òkun fún wáṣà àti epo jẹnẹrétọ̀? Kò sí. Olówó ìrànlọ́wọ́ fẹ́ ohun tó ṣe é ya fọ́tò.

Ẹ sì má tíì sọ pé àwa ò sanwó omi. A ń san án, a ń san án gan-an! Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri la ti ń ra kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó rí jájẹ á pe tánkà, onílé á gbẹ́ tiẹ̀ sẹ́yìn ilé, á ra súmò, á ra tánkì, á kọ́ ọ lé irin. Ó dùn mí pé ẹni tó ń gbé yàrá kan, tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, owó tó ń san lórí omi kan náà ju ti ẹni tí ẹ̀rọ ń yọ nínú ọgbà ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1990, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn ará ìlú ńlá Nàìjíríà ló ní ẹ̀rọ omi nílé. Nígbà tó fi máa di 2015, wọn ò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá mọ́. Èèyàn ń pọ̀ sí i, páìpù ń gbó lábẹ́ ilẹ̀, owó omi tí wọ́n ń gbà ò tó ra kẹ́míkà, àwọn olóṣèlú ò sì fẹ́ kí wọ́n fi kún un torí ìbò.

Àwọn kan ti yanjú ẹ̀ ṣá o. Ní Phnom Penh, olú ìlú Cambodia, lẹ́yìn ogun tó ba orílẹ̀-èdè yẹn jẹ́, wákàtí mẹ́wàá ni omi ń yọ lójúmọ́, ó sì lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá omi tí wọ́n ń ṣe tó ń ṣòfò tàbí tí wọ́n ń jí. Lọ́dún 1993 wọ́n fi Ek Sonn Chan ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi. Ọkùnrin yẹn so mítà mọ́ ilé gbogbo èèyàn, ti àwọn ọ̀gá sójà náà, kódà ọ̀gá sójà kan na ìbọn sí i lórí pé òun ò ní gbà. Ó fi kún owó omi díẹ̀díẹ̀, ó sì dín owó tí àwọn tálákà á fi fa omi wọlé kù, àwọn míì ò san nǹkan kan rárá. Owó ìrànlọ́wọ́ òkè òkun wọlé lóòótọ́, àmọ́ owó tí àwọn aráàlú ń san ló jẹ́ kó dúró. Nígbà tó fi máa di ọdún 2010, omi ti ń yọ ní gbogbo wákàtí, èyí tó ń ṣòfò ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, bákan náà ni. Ìwádìí ọdún 2021 ní èèyàn mílíọ̀nù 48 ló ṣì ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síta ní Nàìjíríà. Wọ́n á kọ́ ti ọjà, kò ní sí omi, kò ní sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́, wọ́n á fi àgádágodo tì í. A sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin àti àyíká ẹ̀ lọ́dún 2017 tí kọ́lẹ́rà jà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ èèyàn tí wọ́n fura sí pé ó mú, mọ́kànlá kú. Ìlọrin West ló ti pọ̀ jù, àárín ìgboro tí àwọn èèyàn rò pé bóòhóòlù àti kànga ti kún.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe sàdákà omi, tí mo sì mọ̀ pé ẹ pọ̀ ní Ìlọrin, ẹ rántí Sayyidina Uthmān, sàhábà Ànábì, tó ra kànga Rūmah ní Mẹ̀dínà tó sọ ọ́ di wàkáfù, ìyẹn ohun tí èèyàn yọ̀ǹda fún gbogbo aráàlú nítorí Ọlọ́run. Àwọn àgbà tó ń ṣe wàkáfù láyé àtijọ́ kì í fi ohun tó ń náwó sílẹ̀ lásán, wọ́n máa ń fi oko tàbí ṣọ́ọ̀bù tì í, owó tó ń wọlé níbẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Tí owó bóòhóòlù méjì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbẹ́ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi ìyókù kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí owó háyà máa ra wáṣà. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ ní Òmù-Àrán àti Ọ̀rọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó ìkórè.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ sọ: tí a bá ní kí aráàlú máa san díẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì, kọmítì tó ń gba owó omi á jẹ ẹ́. Wọ́n lè jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí kọ́kọ́rọ́ àti owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń pọnmi gan-an, kí owó wà ní báńkì pẹ̀lú ìbuwọ́lù èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde lóṣooṣù sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, kí opó àti arúgbó tí ò ní máa pọn tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n sì ti mọ nọ́ńbà ẹni tó máa pààrọ̀ wáṣà àti ibi tí wọ́n ti ń tà á kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọ ìlú.