Ilẹ̀kùn Tó Ṣeé Tì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá, Kí Ẹ Tó Ra Ejò Sílé Ológbò

Fídíò ológbò tó na ara sílẹ̀, tí ejò ń wọ́ kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ti pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa náà a sì máa fi àmì ìfẹ́ sí i, a ó ní "ẹ wo bí wọ́n ṣe mọwọ́ ara wọn." Èmi kò rí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ pa orin inú fídíò náà, kí ẹ wo ọrùn ejò: ó ti ká a sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò kíákíá. Ẹ wá wo ṣóńṣó ìrù ológbò, tó ń mì tìkì tìkì nígbà tí ara yòókù dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀kan ń bẹ̀rù, èkejì ń dọdẹ. Ẹni tó di kámẹ́rà mú nìkan ló ń ṣeré.

Yorùbá ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe yẹn bá wí o. Ejò tí a ń sìn nínú ilé kò nílò ẹgbẹ́ rárá. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ibi tó móoru, ibi tó ṣókùnkùn, omi, àti oúnjẹ lásìkò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kí ejò òun mọ ajá òun, ìfẹ́ inú tirẹ̀ nìyẹn, ejò kò bá a dá sí i.

Ejò tí mo ní lọ́kàn ni erè kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python, nítorí pé òun ló wọ́pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn wa ní ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ará ilé ni. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà ló ń gbé, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ni wọ́n sì ti ń kó púpọ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí òkè òkun. Òun náà ló wà ní ilé òrìṣà ejò ní Ouidah, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó jáde lọ wá eku jẹ lálẹ́, tí àwọn ará àdúgbò sì ń dá a padà bó bá ṣìnà wọlé wọn. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju 90 sí 150 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè gbé 20 sí 30 ọdún. Ó lè pẹ́ láyé ju ológbò tí ẹ ní lọ.

Ẹ má fi wé erè ńlá inú igbó wa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Python sebae. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ní ìlú Campbellton ní Kánádà, irú rẹ̀ kan gba ihò afẹ́fẹ́ jáde nínú àpótí rẹ̀, ó sì pa ọmọdékùnrin méjì tó sùn sí yàrá mìíràn. Ẹni tó bá ń sin irú ejò bẹ́ẹ̀ sílé tí ọmọ àti ẹran ọ̀sìn wà, èmi kò ní ìmọ̀ràn kankan fún un ju pé kó gbé e fún àwọn tó ní ilé tí wọ́n kọ́ fún un.

Ball python kò lè gbé ológbò tó ti dàgbà mì. Ẹran tí ìbú rẹ̀ kò ju ibi tí ara ejò náà ti sanra jù lọ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n yẹn wo inú ilé yín dáadáa: hamster (eku kékeré tí wọ́n ń sìn nílé) wọ inú rẹ̀, ẹyẹ kékeré inú àgò wọ inú rẹ̀, ọmọ ehoro wọ inú rẹ̀. Ẹyẹ àti eku kò gbọ́dọ̀ bá ejò gbé yàrá kan náà, kódà bí oníkálukú bá wà nínú àpótí tirẹ̀. Òórùn wọn á máa dé ibi tí ejò wà, ara ejò á wà lọ́nà nígbà gbogbo, á sì máa fi imú gbo ara gíláàsì títí yóò fi bó.

Ní ti ajá àti ológbò, ejò gan-an ni ewu wà fún. Ajá tó jẹ́ onínúure jù lọ, bó bá fi ẹnu gbé e tó sì jù ú sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀kan péré, eegun ẹ̀yìn lè ti ṣẹ́. Nítorí náà mo ń sọ ọ́ láìfi bò: bí ẹ kò bá ní yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa, tí ológbò kì í wọ̀, ẹ má tíì ra ejò. Yàrá ìgbàlejò kọ́ ni ibẹ̀, bó ti wù kó rí lẹ́wà tó níwájú àlejò.

Àpótí rẹ̀: 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní gíga, fún èyí tó ti dàgbà. Kó jẹ́ èyí tó ń ṣí láti iwájú, kí ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Àpótí tó ń ṣí láti òkè kò dára nílé ológbò, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ooru ń jáde láti òkè, ológbò fẹ́ràn ibi tó móoru, á gun ibẹ̀ lọ sùn. Àwọ̀n orí àpótí kò lè gbé ẹran kílò mẹ́rin. Bó bá tẹ̀, àlàfo á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí orí ejò bá sì ti lè kọjá, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Bí kò bá tilẹ̀ tẹ̀, ológbò ti fi ara bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Thermostat ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rò pé àwọn èèyàn ń ṣe àṣìṣe tí wọn kò mọ̀. Apá kan àpótí gbọ́dọ̀ gbóná tó 31 sí 32°C, apá kejì kó wà ní 25 tàbí 26. Thermostat ló ń pa iná ooru bó bá ti tó, ó sì ń mọ èyí nípasẹ̀ wáyà tín-ínrín kan tí orí rẹ̀ wà nínú àpótí. Ológbò fẹ́ràn wáyà. Bó bá fà á, tí orí wáyà já bọ́ sí ilẹ̀ yàrá tó tutù, ohun tí thermostat yóò máa kà ni òtútù ilẹ̀. Kò ní pa iná mọ́. Inú àpótí á máa gbóná lọ, ejò kì í sì í tètè sá kúrò lórí ohun tó ń jó o láti abẹ́, iná á jó ikùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹ fi ìdè oníke de wáyà náà mọ́ ara àpótí nínú àti lóde. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù nínú àpótí láé: bó bá lẹ̀ mọ́ ara ejò, awọ ni yóò bá a ṣí. Kí ẹ sì ní tẹmọ́mítà kejì tí kò bá thermostat da nǹkan pọ̀, tí ẹ ó máa wò láràárọ̀.

Ẹ fi páálí tàbí bébà dúdú bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àpótí náà. Ẹ fi ibi ìsápamọ́ méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan níbi tó gbóná, ọ̀kan níbi tó tutù, kí ejò má baà máa yàn láàárín ooru àti ààbò. Ejò tí ológbò ń wò lójoojúmọ́ a máa kọ oúnjẹ. Lóòótọ́ ball python lè fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta kọ oúnjẹ láìṣe àìsàn, pàápàá akọ lásìkò tó ń wá abo, nítorí náà ìwọ̀n ni kí ẹ fi mọ̀: ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná (èyí tí ẹ kì í fi wọn oúnjẹ ènìyàn) lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá ti jò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko.

Ọwọ́ yín náà. Ejò kì í fi ojú mọ olówó rẹ̀, òórùn àti ooru ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ehoro tán tí ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpótí, ọwọ́ yín ti di ehoro gbígbóná. Ọṣẹ àti omi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn rẹ̀.

Eku tó ti dì nínú fírísà ni kí ẹ máa fún un, ẹ má fún un ní ààyè. Eku ààyè tí ejò kò bá tètè pa a máa gé e jẹ. Ẹ gbé eku náà sínú fíríìjì mọ́jú, nínú ike tí ó ní ìdérí. Bí ẹ bá gbé e ka orí tábìlì láti yọ́, ẹ̀bùn ológbò nìyẹn. Tó bá kù díẹ̀ kí ejò jẹun, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ rì í sínú omi gbígbóná ẹ̀rọ fún bí 15 sí 20 ìṣẹ́jú, kí orí rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 38°C. Máíkírówéfù kọ́, ó ń sè é láìdọ́gba, ikùn lè bẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn nà án sí i. Ejò kékeré ń jẹ eku tó tó ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn ni pé ejò 300 gíráàmù á jẹ eku 30 sí 45 gíráàmù. Àgbà tó tó 1,500 gíráàmù, eku kan tó tó 75 sí 100 gíráàmù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó o. Kí ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn náà, wákàtí 48 kí ẹnikẹ́ni má gbé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pọ̀ ọ́.

Oògùn kòkòrò ni ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ká fi ṣeré. Bí ẹ bá rí ohun dúdú bí ata gígún nínú omi ejò tàbí lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kòkòrò ara ejò ni. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń pa á ní permethrin nínú. Permethrin ń pa ológbò: ara á máa gbọ̀n, gìrì á gbé e, kódà bó bá kàn rìn kọjá níbi tó ṣì tutù tó sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Oògùn eégbọn ajá náà lè ní permethrin, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ kán oògùn sí ẹ̀yìn ajá kí ẹ kọjá lọ gbé ejò. Ilé tó ní ehoro, fipronil ni kí ẹ ṣọ́ra fún, oògùn eégbọn tí àwọn onílé ológbò ń lò láìbẹ̀rù.

Salmonella, kòkòrò àìsàn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wà nínú ìgbẹ́ ejò tí ara rẹ̀ yá gágá, ó sì wà nínú eku fírísà, nítorí yìnyín kì í pa á. Nítorí náà abọ́ omi ejò kì í dé síǹkì ilé ìdáná. Ajá fẹ́ràn láti jẹ ìgbẹ́ àti awọ tí ejò bọ́, ẹ so ọ̀rá náà pa kí ẹ tó jù ú sí pàǹtí. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà, àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má sin ejò rárá. Mo fara mọ́ ọn.

Bó bá jáde ńkọ́? Ajá àti ológbò ni kí ẹ kọ́kọ́ tì mọ́ ibòmíràn, kí ẹ tó máa wá ejò. Ẹ wo ibi tó móoru tó sì há: ẹ̀yìn fíríìjì, abẹ́ radiator (irin tó ń mú yàrá móoru), inú àga tìmùtìmù, ẹ̀yìn ìwé. Bó bá di alẹ́, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Ipa rẹ̀ á fi ibi tó gbà hàn yín.

Bí ológbò bá ti gé ejò jẹ, ẹ má sọ pé ojú eyín náà kéré. Kòkòrò àìsàn inú ẹnu ológbò ń wọlé lọ sábẹ́ awọ, ejò kì í sì í fi àìsàn hàn títí yóò fi burú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí dókítà rí i. Ẹ má fi Dettol fọ̀ ọ́, kò dára fún ejò, kò dára fún ológbò tó bá lá a. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko kì í gba ohun tó ju ajá àti ológbò lọ, nítorí náà ẹ pe èyí tó wà ní àdúgbò yín kí ẹ tó sanwó ejò, kí ẹ bi í bóyá ó ń tọ́jú ẹran afàyàfà.