Ẹ́ńjìnì Ti Wọlé, Ó Kù Díẹ̀

Àwọn tó wà níbẹ̀ ni Onímọ́tò, tó ní ọkọ̀ ìjàpá Volkswagen ọdún 1966, tó sì ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí wọ́n fi ti Subaru rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àti Ọmọ Iṣẹ́, tí kò tíì kọ́ bí a ti ń purọ́. (Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n máa ń fi parí iṣẹ́ náà.)

ONÍMỌ́TÒ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Oṣù kẹta rèé tí ẹ ti ní kí n padà wá lọ́túnla.

MẸKÁNÍÌKÌ: Bàbá, inú yín yóò dùn lónìí. Ẹ́ńjìnì Subaru yín ti wọlé, ó kàn kù díẹ̀ ni.

ONÍMỌ́TÒ: Bí ó bá ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ rọra. Ìyàwó tuntun kì í pariwo lọ́jọ́ tó bá wọlé.

ỌMỌ IṢẸ́: Kò tíì fara kan gíà ni, sà. Bóòtù mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnì ìjàpá fi ń rọ̀ mọ́ gíà, ihò bóòtù Subaru kò sì bá tiwọn mu, nítorí náà igi la fi tì í nídìí.

MẸKÁNÍÌKÌ: Irin pẹlẹbẹ kan la óò fi sáàárín àwọn méjèèjì. Alárinà nìyẹn. Ìyàwó wo ló délé ọkọ láìní alárinà?

ONÍMỌ́TÒ: Níbo ni alárinà náà wà?

ỌMỌ IṢẸ́: A kò tíì gé e, sà.

MẸKÁNÍÌKÌ: Díẹ̀ nìyẹn. Ó tún ku omi.

ONÍMỌ́TÒ: Omi kẹ̀? Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí kò mu omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ mú ọmọ ọlọ́mọ wá sílé tí kò ní omi, èmi lẹ sì ń kanra mọ́! Iwájú, níbi tí ẹ ń kó ẹrù sí, la óò gbé rẹdiétọ̀ sí, páìpù yóò sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ bá ẹ́ńjìnì lẹ́yìn.

ONÍMỌ́TÒ: Ẹrù mi ń kọ́?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ ó gbé e lé ẹsẹ̀. Díẹ̀ náà nìyẹn.

ỌMỌ IṢẸ́: Ọ̀gá, ẹ sọ ti oúnjẹ fún wọn. Páǹpù tó ń bọ́ kàbúrétọ̀ àtijọ́ kò lágbára tó. Ipá tí Subaru fẹ́ kí epo fi wọlé tó ìlọ́po mẹ́wàá tirẹ̀. Bátìrì vóòtì 6 yín náà kò lè jí i lójú oorun.

ONÍMỌ́TÒ: Ta ló sọ fún un pé oúnjẹ kò tó? Àbí ó ní ọpọlọ ni?

MẸKÁNÍÌKÌ (ó pàtẹ́wọ́): Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀! Ó ní ọpọlọ. Bréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ rèé, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú gbogbo wáyà rẹ̀. Àmọ́ bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ yín yí i, kò ní í dáhùn.

ONÍMỌ́TÒ: Kí ló ṣe é?

ỌMỌ IṢẸ́: Kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń bèèrè.

ONÍMỌ́TÒ: Ọkọ ni àbí ọkọ̀?

ỌMỌ IṢẸ́: Méjèèjì, sà.

ONÍMỌ́TÒ: Ó tó. N kò fẹ́ ìyàwó yìí mọ́. Ẹ bá mi dá ìyálé padà sáyè rẹ̀, ẹ́ńjìnì 1300 mi tí kò yára, ṣùgbọ́n tí kò bèèrè omi, tí kò bèèrè ọpọlọ, tí kò sì bèèrè ọkọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ mi.

MẸKÁNÍÌKÌ (ó ń wo ilẹ̀): Ìyálé... ìyálé jáde díẹ̀.

ONÍMỌ́TÒ: Kí ló ń dún lẹ́yìn ilé yẹn?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ̀rọ amúnáwá ni.

ONÍMỌ́TÒ: Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìn orí mi. Ohùn ìjàpá mi ni!

ỌMỌ IṢẸ́: Ẹ kú etí, sà! Òun ló ń yí amúnáwá wa láti oṣù mẹ́ta, kò sì kọṣẹ́ rí. Òun ló tan gílóòbù ọwọ́ mi yìí, tí a fi ń wá ibi tí ìyàwó yín máa jókòó.

ONÍMỌ́TÒ: Lọ pa á.

(Ọmọ Iṣẹ́ lọ pa á. Gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.)

MẸKÁNÍÌKÌ (nínú òkùnkùn): Bàbá, ó mà kù díẹ̀ o.