A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló gbé òwe yìí wá sí mi lẹ́nu, kì í ṣe ti onígbàjámọ̀.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí nígbà kan. Ọ̀gá pátápátá ní àwọn fẹ́ máa rí gbogbo ohun tó ń lọ láti orí tábìlì àwọn: iye àpò tó wà ní sítọ́ọ̀, iye tí wọ́n tà, ẹni tó jẹ gbèsè. Oṣù mẹ́sàn-án la fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n. Ta la bi léèrè ohun tí ọ̀gá ń fẹ́? Akọ̀wé wọn, olùṣirò owó, àwọn máníjà ẹ̀ka. Ọ̀gá gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré la fojú kàn wọ́n: ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé, àti ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ dé. Wọ́n wo àwòrán aláràbarà tí a ṣí fún wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ yìí." Wọ́n bá gbé fóònù, wọ́n pe ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀: "Alfa, àpò mélòó ló kù?" Lójú wa níbẹ̀! Nígbà tí mo fi padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, fìlà ọ̀gá ni mo bá lórí ẹ̀rọ náà.

Inú bí mi. Mo ní ayé ti lu jára mọ́ wọn lọ́wọ́. Àṣé èmi ni mi ò mọṣẹ́. Henry Mintzberg, ọmọ Kánádà tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọ̀gá, tẹ̀lé ọ̀gá ilé iṣẹ́ 5 kiri, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1973: nínú àkókò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ọ̀gá ńlá fẹ́ gbọ́ bóyá ohùn ẹni tó ń jábọ̀ ń gbọ̀n.

Ní Lockheed-Georgia, tó ń ṣe bàálù ní Marietta, Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1978, tiwọn sì dúró. Ohun kékeré kan níbẹ̀ ló wù mí jù: ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tí ìṣirò náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọn ò bá ọ̀gá du fóònù.

Ó ku àwọn máníjà ẹ̀ka. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tí ọjà ò tà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka Challenge la ní kó máa fi iye ọjà ránṣẹ́, kí ọ̀gá rí i kí òun tó ráyè ṣàlàyé. "Iná ò sí," "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," ọ̀sẹ̀ á sì yí po. Ọ̀gá nìkan ló lè fi dandan lé e, ọ̀gá tí kò jókòó tì wá rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ olórí. Ẹ má bi wọ́n pé àwòrán wo ni wọ́n fẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n pè kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì bi í.

Ó pẹ́ kí èmi tó lọ jókòó ti Alfa ní sítọ́ọ̀. Wọ́n ṣí ìwé tí epo ti ta sí fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àpò, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́: "Òjò pa 12 nínú ẹ̀, mi ò tíì sọ fún máníjà." Ohun tí ọ̀gá ń tìtorí ẹ̀ pè wọ́n nìyẹn. Mo tú gbogbo ètò wa wò; kò síbi tí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ sí.