Fúláwà inú yàrá kì í gba èémí ẹni lóru

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo níbí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá ilé á ní kí àwọn ọmọ gbé fúláwà inú pálọ̀ lọ sí bàràńdà. Ẹ béèrè ìdí, èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́ láti Òkè-Fìà dé Òkè-Baálẹ̀: fúláwà máa ń bá èèyàn du afẹ́fẹ́ lóru, ẹni tó bá sì sùn tì í lè má jí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, tí wọ́n á gba owó tán, tí wọ́n á wá kìlọ̀ pé, "Ẹ má gbé e sí yàrá o, mà."

Kì í ṣe òótọ́. Ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ náà ti rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ń pa èèyàn lójú oorun wà nítòsí wa, àwọn tó ń sá fún ewé kò sì fura sí i.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti gbà gbọ́ ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, pé bó ṣe ń ṣe é, ó ń fa carbon dioxide sínú, ó sì ń tú ọ́síjìn síta. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, oúnjẹ ṣíṣe dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ewé ṣì ń mí. Tọ̀sán-tòru ló ń mí bí àwa náà ṣe ń mí: ó ń gba ọ́síjìn, ó ń tú carbon dioxide síta. Ọ̀sán ni kì í jẹ́ ká mọ̀, torí ọ́síjìn tó ń tú síta nígbà náà ju èyí tó ń gbà lọ dáadáa. Dókítà ará Netherlands kan, Jan Ingenhousz, ló fi ìdánwò gbé èyí jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1779. Ó ní ewé ń tún afẹ́fẹ́ ṣe lójú oòrùn, ó sì ń bà á jẹ́ nínú òkùnkùn. Láyé àtijọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó òdòdó kúrò lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn bí alẹ́ bá lẹ́. Ẹni tó bá rí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí kò ní gbà pé ewu wà níbẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni bí afẹ́fẹ́ tí ewé ń gbà yẹn ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, á gba afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi lítà 34,000. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, ìyẹn ni pé nǹkan bíi lítà 7,000 ọ́síjìn ló wà nínú yàrá náà. Àgbàlagbà tó bá sùn fún wákàtí 8 á lo nǹkan bíi lítà 100 sí 120 nínú rẹ̀. Fúláwà kan nínú ìkòkò, tí ewé rẹ̀ kò pọ̀ ju èyí tó ń wà lórí tábìlì tàbí ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò lè lo tó ìdajì lítà láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí ẹ jọ sùn lórí ibùsùn kan náà ń gba ọ́síjìn ju igba ìkòkò fúláwà lọ, a kò sì sọ pé kí tọkọtaya má sùn pọ̀. Àní, ìṣirò yìí gbà pé inú yàrá tí a dí pa pátápátá ni a wà. Yàrá tiwa ní fèrèsé, ó ní àlàfo lábẹ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tuntun sì ń wọlé láti ibẹ̀ ní gbogbo òru.

Ẹ wo àyíká wa náà. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, igi ńláńlá ló kún inú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé létí rẹ̀, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí. Àwọn bàbá wa tó ń sùn ní aba láàárín oko kòkó, ewé ló yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì. Pèrègún tí a ń rí lójúbọ àti nínú agboolé, òun náà ni wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ àti yàrá láti ọdún gbọọrọ.

Mi ò sì ní torí pé mo fẹ́ràn ewé kí n wá gbè sẹ́yìn irọ́ kejì. Àwọn kan wà báyìí tí wọ́n ń ta ọjá ìkookò, èyí tí wọ́n ń pè ní snake plant, lówó gegere, pé òun ní tirẹ̀ máa ń tú ọ́síjìn síta ní gbogbo òru, pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́. Ọjá ìkookò yàtọ̀ sí ewé yòókù lóòótọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ló mọ́ ọn lára, nítorí náà ó máa ń pa ihò ewé rẹ̀ dé lọ́sàn-án kí omi má baà gbẹ lára rẹ̀, á wá ṣí i lóru láti fa carbon dioxide pamọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe ọ́síjìn, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ lóru. Ní ti afẹ́fẹ́ fífọ̀, ìdánwò tí NASA, àjọ ìrìn-àjò òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1989 ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dí pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà, Cummings àti Waring, kó irú àwọn ìdánwò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣírò pé ó tó fúláwà 10 sí 1,000 lórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó kí wọ́n tó lè fọ afẹ́fẹ́ tó bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ilé kọjá ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbìn tó ìyẹn kò ní rí ibi tẹ́ ẹní sí. Ẹ ra ọjá ìkookò nítorí ẹwà rẹ̀ àti nítorí pé kì í tètè kú.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Bí ẹnì kan bá jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí fúláwà sì wà ní yàrá, fúláwà ni wọn á kọ́kọ́ sọ nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọn kò wò ó pé wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, ó tó ẹni mẹ́rin tó sùn síbẹ̀, ooru mú, afẹ́fẹ́ kò sì rìn. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bàràńdà tàbí ní kọ́rídọ̀, tàbí kí kóòlù pọ́ọ̀tù tí iná rẹ̀ kò tíì kú wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó yàtọ̀ sí carbon dioxide, ló wà nínú èéfín wọn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ń sùn wúkọ́ kó fi jí. Ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa ní nǹkan bí ìlọ́po 200 ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Èèyàn á máa mí, ara kò sì ní rí nǹkan kan gbà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe é. Ṣíṣí fèrèsé kan kò tó láti fi gbé e sínú ilé. Ẹ gbé e síta gbangba, kí ó jìnnà sí fèrèsé yín àti sí ti aládùúgbò, kí ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú kúrò lára ilé. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀yinná wọlé nígbà ọyẹ́ kí ẹ sì tilẹ̀kùn sùn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì mẹ́ta nínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ kó gbogbo ilé jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà ní kíá, kí ẹ sì forí lé ilé ìwòsàn.

Fúláwà inú ilé ní nǹkan méjì tó yẹ ká ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni omi tó máa ń dúró sínú àwo abẹ́ ìkòkò. Bí ó bá lo bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, tanwíji inú rẹ̀ lè di ẹ̀fọn, nítorí náà ẹ máa dà á nù. Èkejì kan àwọn tó ní ọmọ kékeré. Dieffenbachia, tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun, àti Monstera, tí ewé rẹ̀ fàya, ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú kókò. Bí kókò tútù ṣe ń yún ni lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà ń ṣe, ti Dieffenbachia sì lè mú kí ètè àti ahọ́n ọmọ wú. Ẹ gbé wọn síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Gbígbé e síta lálẹ́, gbígbé e wọlé láàárọ̀, fúláwà gan-an ló ń pa lára. Ficus tí ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń wọ́wé bí a bá ń ṣí i nípò kiri. Ẹ wá ibì kan fún fúláwà yín lẹ́bàá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tí oòrùn ọ̀sán gangan kò sì ní jó o, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n, ẹ má tíì sáré bu omi sí i. Omi àpọ̀jù ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà, torí gbòǹgbò náà ń mí, omi tó dúró sì ń mú un jẹrà. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, bó bá ṣì tutù, ẹ mú sùúrù. Kí ìkòkò náà ní ihò nísàlẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ewé, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè àti lábẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kàn án.